Mo Ti Fi Bàtà Òjò Ránṣẹ́ sí Máníjà Yín

Ẹ̀yìn Ọjà Elépo,
Ore.
Ọjọ́bọ̀, ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Ọ̀wàrà.

Ìyìn ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé o ń jẹun, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé orúnkún tó ń dùn ọ́ lọ́jọ́sí ti fi ọ́ sílẹ̀? Ọlọ́run tó mú ọ la títì Ore kọjá dé Èkó láìfarapa kò ní jẹ́ kí o rí ibi níbẹ̀. Àmín. Àwa náà wà, ara mi le, epo ń tà, ilé kò jò àfi ibi tó ti ń jò tẹ́lẹ̀. Mo ti kí ọ tán. Jẹ́ kí n sọ ohun tó gbé mi dé ìdí bírò, nítorí aago méje òwúrọ̀ ọ̀la ni ọkọ̀ Ùsmọ́n máa gbéra, Ùsmọ́n kì í sì í dúró de ẹni tó ń fi lẹ́tà ṣe ẹwà.

Ìyìn, ìwé owó àjọkọ́lé tí o fi ránṣẹ́ sórí Wásáàpù mi ti tún ayé oko bàbá rẹ ṣe. Ìwé tó ní kí èmi àti àwọn olówó mìíràn kó owó jọ, kí ilé-iṣẹ́ yín fi kọ́ ilé ìtajà, kí wọ́n gba owó ilé lọ́wọ́ àwọn ayálégbé, kí gbogbo wa wá pín èrè. Inú mi dùn débi pé mi ò lè jókòó sójú kan kọ ọ́, mo ti dìde ní ẹ̀ẹ̀mẹta.

Fọ́ọ̀mù ni mo kọ́kọ́ bá jà. Fóònù ní òun fẹ́ rí ojú mi, èmi náà mọ̀ pé ẹni tó fẹ́ fi owó síta kò gbọdọ̀ jáde sí àwọn èèyàn bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde nídìí agbada epo, mo bá wẹ̀, mo wé gèlè, mo jókòó síwájú rẹ̀, mo kí wọn pé ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú wàhálà ọ́fíìsì. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó ní kí n yí orí sọ́tùn-ún, mo yí i. Ó ní sósì, mo yí i. Ó wá ní kí n ṣẹ́jú, ibẹ̀ ni mo ti sọ fún wọn pé obìnrin tí ọkọ rẹ̀ ti kú kì í ṣẹ́jú sí ọkùnrin tí kò mọ̀. Mo dúró kí ẹni tó wà níbẹ̀ bẹ̀ mí. Ó kàn ní kí n tún un ṣe ni. Jọ̀wọ́, ẹni tí wọ́n fi sídìí iṣẹ́ wíwo ojú èèyàn yẹn, bá mi sọ fún un pé ìkíni kì í dín owó oṣù kù.

Wọ́n tún béèrè níbẹ̀ pé bí owó mi bá dín kù, kí ni màá ṣe, ṣé màá kó èyí tó kù kúrò ni àbí màá ní sùúrù. Àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún ìdáhùn kò ju èékánná lọ. Mo bá kọ ọ́ sínú ìwé ojú mẹ́ta, bí iná ṣe jó oko wa lọ́dún tí o wọ kíláàsì kejì, bí bàbá rẹ ṣe fẹ́ tà á, bí mo ṣe gbé àpótí sẹ́nu ọ̀nà tí mo jókòó lé e títí ẹni tó fẹ́ rà á fi bínú lọ. Ó wà nínú lẹ́tà yìí. Fún wọn, kí wọ́n kà á dáadáa.

Ọ̀rọ̀ pípín èrè yẹn gan-an ni mo wá gbé lé itan. O mọ̀ pé mo ṣe kọ́ọ̀sì òwò ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Àkúrẹ́, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ ló wà lókè tẹlifíṣọ̀n, nítorí náà kò pẹ́ tó fi yé mi. Wọ́n kàn fi Gẹ̀ẹ́sì bo oko kòkó mọ́lẹ̀ ni. Olówó ni olóko. Ilé ìtajà ni igi. Owó ilé ni èso. Máníjà ni alágbàtọ́jú. Ìwé náà ní lọ́dọọdún, olówó ni yóò kọ́kọ́ jẹ mẹ́jọ lórí ọgọ́rùn-ún ohun tó fi sílẹ̀, kó tó jẹ ẹ́ tán máníjà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan èrè. Ìyẹn tẹ́ mi lọ́rùn, àgbà ló ń kọ́kọ́ bu ẹran. Lẹ́yìn náà, máníjà á dá jẹ èyí tó bá tẹ̀ lé e, títí tirẹ̀ á fi tó ìdá kan nínú márùn-ún gbogbo èrè tí a ti pín. Bó bá ti lé olówó bá báyẹn tán, ohunkóhun tó bá tún kù, olówó á mú mẹ́rin, máníjà á mú ẹyọ kan. Ó sì wà nísàlẹ̀ pátápátá, pẹ̀lú lẹ́tà kéékèèké, pé máníjà á máa gba méjì lórí ọgọ́rùn-ún iye ohun ìní náà lọ́dọọdún fún ìtọ́jú. Mo ní ta ni kò mọ̀yẹn? Owó àdá, owó bàtà òjò, owó oògùn kòkó ni. Láti ìgbà àwọn bàbá wa, olóko ló ń ra ìwọ̀nyẹn fún alágbàtọ́jú.

Mo bá rò ó pé kí ló dé tí màá fi jẹ́ kí wọ́n yọ méjì lórí owó mi nígbà tí èmi fúnra mi ń gbé nínú ọjà tí wọ́n ti ń ta gbogbo rẹ̀. Mo pe Ọ̀gbẹ́ni Afọlábí ọ̀gá yín sórí nọ́ńbà tó wà nínú ìwé, mo ní èmi ni ìyá Ìyìn, mo fẹ́ di ọ̀kan nínú àwọn olóko rẹ̀. Ó kí mi dáadáa, ọmọ tí wọ́n kọ́ ni. Mo bi í bóyá inú ilé ìtajà náà ló ń sùn, ó ní rárá, ilé òun wà níbòmíràn. Mo ní ta ló wá ń lé olè àti ọ̀kẹ́rẹ́? Ó ní wọ́n ní síkíọ́rítì. Mo bi í pé bàtà nọ́ńbà mélòó ló ń wọ̀. Ó ní mẹ́tàlélógójì, ó jọ pé ọ̀rọ̀ náà já bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ni. Lọ́jọ́ Ajé, mo fi àdá méjì àti bàtà òjò kan tó ga dé orúnkún ránṣẹ́ sí i lọ́wọ́ Ùsmọ́n. O kọ̀wé sí mi pé kí n jọ̀wọ́ má pe ọ̀gá rẹ mọ́, pé gbogbo ọ́fíìsì ló dìde nígbà tó tú àpótí náà. Ó yẹ kí wọ́n dìde. Bàtà gidi ni.

Ọjọ́ kejì tí mo fi bàtà ránṣẹ́ ni Samson dé láti oko wa ní Ajue. Ṣé o rántí pé ọdún mọ́kànlá ló ti ń tọ́jú oko bàbá rẹ, Bẹ́núè ni wọ́n ti bí i, ṣùgbọ́n ó gbọ́ Ìkálẹ̀ jù ọ́ lọ. Kò jókòó. Ó ní kí n má bínú, òun wá dágbére ni. Ó ní Akíntọ́lá tí oko rẹ̀ wà lódìkejì odò ti ní kóun wá máa tọ́jú kòkó tirẹ̀, ìdajì ni wọ́n á máa pín, kì í ṣe ìdá kan nínú mẹ́ta tí òun ń gbà lọ́wọ́ wa. Ó ní òun ti di ẹrù.

Ìyìn, gbọ́. Ọjọ́ mẹ́wàá péré ló kù tí a máa bẹ̀rẹ̀ sí í ká kòkó. Ta ni mo fẹ́ rí ní ọjọ́ mẹ́wàá? Gbogbo alágbàtọ́jú tó mọ ọwọ́ ló ti wà nínú oko ẹlòmíràn. Kòkó kì í dúró de ìpàdé, èso tó bá pọ́n kọjá àkókò di ti ọ̀kẹ́rẹ́ àti ti àrùn, oko tí bàbá rẹ fi ẹ̀yìn rẹ̀ gbìn á sì di igbó lójú mi. Mo ní kí Samson fún mi ní ọjọ́ kan. O mọ̀ mí, èmi kì í tọrọ ọjọ́ lọ́wọ́ èèyàn.

Ibẹ̀ ni ìwé yín ti gbà mí. Mo ní tí mo bá gbé ìpín àwọn ará Èkó síwájú Samson, orí rẹ̀ á wú, á gbàgbé Akíntọ́lá. Lánàá, Ọjọ́rú, mo pè é wá sí ìsọ̀ Alhájì Gàzálì tó ń ra kòkó wa, kí Alhájì lè jẹ́ ẹlẹ́rìí. Mo da ọgbọ̀n ẹyọ èkùrọ́ sílẹ̀ lórí àpò kòkó, nítorí ọgbọ̀n àpò ni oko wa ń so lọ́dún tó bá dára. Mo ní iye oko wa, igi, ilẹ̀ àti ahéré, ó tó igba àpò kòkó ó lé àádọ́ta. Mo mọ̀ọ́mọ̀ gbé iye náà sókè, kí mẹ́jọ lórí ọgọ́rùn-ún tèmi lè nípọn. Ogún èkùrọ́ ni mo kọ́kọ́ fà sọ́dọ̀ ara mi. Mo fún Samson ní márùn-ún, mo ní ó ti lé mi bá nìyẹn. Márùn-ún ló kù, mo mú mẹ́rin, mo fún un ní ẹyọ kan. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pín in ní Èkó, láàárín àwọn tó ń wọ kóòtù àti táì.

Samson wo mẹ́fà tó wà níwájú rẹ̀. Ó wo mẹ́rìnlélógún tó wà níwájú mi. Ó ní Màmá, ọdún tó bá dára, mẹ́wàá lẹ ń fún mi. Àwọn mẹ́rin yòókù, ṣé wọ́n ti wọkọ̀ lọ sí Èkó ni? Alhájì ní Ìyá Ìyìn, ṣé ohun tí wọ́n kọ́ yín ní Àkúrẹ́ rèé? Mo ní kí Alhájì dojú kọ òṣùwọ̀n rẹ̀.

Samson bá ní kí n jẹ́ kóun rí ìwé náà nínú fóònù. Mo gbé e fún un. Ìyìn, mi ò mọ̀ pé Samson ka ìwé mẹ́wàá parí ní Bẹ́núè, ọdún mọ́kànlá, mi ò bi í rí. Ó fi ìka ti ìwé náà sókè, ó tì í sísàlẹ̀, ó dé ibi lẹ́tà kéékèèké yẹn, ó ní Màmá, méjì lórí ọgọ́rùn-ún yìí ńkọ́? Mo ní ti bàtà àti àdá ni. Ó ní òun kò rí bàtà níbẹ̀. Alhájì gba fóònù, ó fi awò sójú, ó kà á sókè: owó iṣẹ́ ọwọ́ máníjà ni, òun ni yóò sì kọ́kọ́ jáde lọ́dọọdún, kí olówó tó jẹ mẹ́jọ rẹ̀, bí ilé bá mówó wá, bí kò bá mówó wá. Owó iṣẹ́ ọwọ́! Bàtà ti dé Èkó.

Samson ní ṣé Màmá ló sọ pé iye oko jẹ́ igba àpò ó lé àádọ́ta? Alhájì ní òun gbọ́. Samson ní méjì lórí ọgọ́rùn-ún rẹ̀, àpò márùn-ún ni. Ó fa márùn-ún sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó ní kí n mú ogún mi, mo mú un. Ó ku márùn-ún, ó ní òun ń lé mi bá, ó kó o. Kò ku ẹyọ kan nílẹ̀. A ka tirẹ̀, mẹ́wàá. A ka tèmi, ogún. Ìdá kan nínú mẹ́ta, geere, bí bàbá rẹ ṣe ń pín in. Alhájì rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀, ó ní àwọn ará Èkó rìn yíká ayé, ẹ̀yìnkùlé àwọn bàbá wa ni wọ́n já sí.

Èmi náà ń rẹ́rìn-ín, mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí. Samson kò rẹ́rìn-ín. Ó gbá gbogbo èkùrọ́ náà jọ, ó ka méjìlá sílẹ̀. Ó ní Màmá, èṣí rèé. O rántí òjò èṣí tó sọ èso di dúdú lórí igi, méjìlá péré la rí. Ó ní nínú méjìlá yẹn, mẹ́rin lòun gbà, gbèsè àwọn tó bá òun ṣán oko ló gbé e lọ, Lọ́pẹ́ ọmọ òun sì jókòó sílé fún odindi sáà kan. Ó wá pín méjìlá náà bí ìwé yín ṣe wí, márùn-ún fún un, méje fún mi. Ó ní òun mọ̀ pé igi Akíntọ́lá ti gbó, ìdajì oko rẹ̀ kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta tiwa. Ṣùgbọ́n Akíntọ́lá ti ṣèlérí pé òun á máa san owó ilé ìwé Lọ́pẹ́, bí kòkó so, bí kò so. Ó ní kì í ṣe mẹ́wàá ọdún tó dára lòun ń wá, márùn-ún tí kò ní yẹ̀ lọ́dún burúkú ni.

Má purọ́ fún mi pé ìwọ ò bá ti gbà lójú ẹsẹ̀. Èmi ò gbà. Kọ́ọ̀sì Àkúrẹ́ dìde nínú mi. Mo ní ẹ dúró ná, nígbà tí mo tún rò ó, oko yẹn kò tó iye tí mo sọ, bóyá ọgọ́rùn-ún àpò ni. Alhájì ní há à, Ìyá Ìyìn, ìjẹta tí ẹ wá gba owó sílẹ̀ lórí kòkó ọdún yìí, igba ó lé àádọ́ta lẹ pè é fún mi, ṣé iná tún ti jó o ni? Samson tún ka ogún síwájú mi, ó rọra fa méjìlá kúrò nínú rẹ̀, ó ní tó bá jẹ́ ọgọ́rùn-ún àpò, mẹ́jọ ni Màmá á kọ́kọ́ jẹ. Mo gbá a lọ́wọ́, mo ní kó dá wọn padà. Ẹnu mi náà ni mo fi de ara mi.

Mo bá sọ ojú abẹ níkòó. Mo ní Samson, màá fún ọ ní márùn-ún ọdún burúkú, ṣùgbọ́n lọ́dún tí oko bá so kọjá ọgbọ̀n, mẹ́rin sí ẹyọ kan la máa pín àlékún, kò sí ìdá mẹ́ta mọ́. Mo bu èkùrọ́ kún ti ilẹ̀, mo ka márùndínláàádọ́ta fún un kó fojú ara rẹ̀ rí i: láyé àtijọ́, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni tirẹ̀, báyìí ó di mẹ́tàlá, tèmi di méjìlélọ́gbọ̀n. Ó wò ó títí. Ó ní ọdún tó so tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lòun rí i, òun kò sì lè fi ìyẹn rán ọmọ ní ilé ìwé. Ó ní òun gbà. Alhájì kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé òṣùwọ̀n, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọwọ́ sí i, kò gbà ju wákàtí méjì lọ. Ìdùnnú mi ò ṣe é sọ. Ní àárọ̀ yìí mo gun ọ̀kadà dé Ajue láti rí i pẹ̀lú ojú mi: ó ti tú ẹrù rẹ̀, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ti padà sínú ahéré, ó ń pọ́n àdá. Ó béèrè bàtà òjò ọdún yìí. Mo ní ìwé Èkó ti gbé e lọ, ẹni tó ń gba márùn-ún á máa ra bàtà ara rẹ̀. Ó ní Màmá, ìwé náà kò dárúkọ bàtà, èyí tí ìwé ò bá dárúkọ, bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ náà ló wà. Mo ní màá wá a fún un.

Nítorí náà, iṣẹ́ kìíní tí mo rán ọ: gba bàtà náà padà lọ́wọ́ Ọ̀gbẹ́ni Afọlábí. Ó ń gba owó ìtọ́jú, kó lọ ra tirẹ̀. Ẹsẹ̀ kan náà ni òun àti Samson. Ó lè mú àdá kan.

Iṣẹ́ kejì, bi í ní ìbéèrè mẹ́ta, kó sì dáhùn kó tó di ọjọ́ Ajé, mi ò fẹ́ kó di ọ̀rọ̀ ọ̀dà abẹ́ ilẹ̀ Agbabu tí mo ti ń gbọ́ pé wọ́n máa wà jáde láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọge títí dòní. Ta ló ń díye lé ilé ìtajà náà? Alhájì ní ẹni tó ń gba owó ìtọ́jú kọ́ ló yẹ kó díye lé ohun tó ń tọ́jú, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ oko á máa gbówó lórí lójoojúmọ́ láìso. Èkejì, lọ́dún tí ayálégbé kò bá sí, tó sì gba méjì tirẹ̀, kí ló máa ń ṣe lọ́dún náà? Samson á wà nínú oko, mo mọ ibi tí màá ti bá a. Ẹ̀kẹta, mélòó nínú owó tirẹ̀ ló fi sí i? Bó bá dáhùn dáadáa, màá fi owó àpò méjì sí i nígbà tí a bá ta kòkó. Bí kò bá dáhùn, mo mọ ẹlòmíràn tó ń ta búlọ́ọ̀kù.

Ó kan ìwọ náà báyìí. Ìyìn, mo gbà ọ́ tọ́jú lọ́wọ́ Ọlọ́run láti ọdún mẹ́rìnlélógún, bí o so, bí o kò so. Mi ò tíì gba méjì lórí ọgọ́rùn-ún rí, mi ò sì tíì lé ẹnikẹ́ni bá. Èmi kò ní díye lé ọ, o ti gbọ́ ohun tí Alhájì wí. Fúnra rẹ díye lé ara rẹ, kí o má sì ṣe é bíi tèmi tí mo fẹ́ sọ igba ó lé àádọ́ta di ọgọ́rùn-ún. Fi méjì lórí ọgọ́rùn-ún rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi sínú báǹkì kó tó di ọjọ́ ìkórè, nítorí owó páànù méje àti owó oògùn kòkó ló wà níwájú mi. Bí ó bá pọ̀, fi búrẹ́dì tó rọ̀ kún un fún Lọ́pẹ́, ó ti padà sí ilé ìwé.

Ọlọ́run á jẹ́ kí ọdún rẹ so kọjá ọgbọ̀n. Ẹni tó bá ń tọ́jú ohun tìrẹ kò ní sá lọ nígbà tí ìkórè bá ku ọ̀la. Bí ọdún burúkú bá sì wá dé, nítorí pé ó máa ń dé, wàá bá márùn-ún tìrẹ nílẹ̀, ẹnikẹ́ni kò ní jókòó sílé nítorí rẹ. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ,
Àríkẹ́ Akínṣọlá,
Ààrẹ Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù Àwọn Elépo, Ore.